Egbògi Ilẹ̀ Ṣáínà àti Kókó Inú Ilé-Ọmọ

Nínú àwọn àrùn tí ń yọ obìnrin lẹ́nu ní ilẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ ni a ń fi pamọ́ tó kókó inú ilé-ọmọ. Àwọn dókítà a máa pè é ní fáíbírọ́ìdì, orúkọ náà sì ti wọ ẹnu gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ní i kì í fẹ́ kí ará ilé ọkọ gbọ́, pàápàá bí kò bá tíì bímọ. Ó sì ń bẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé tíì tàbí egbògi oníhóró tí a kọ èdè Ṣáínà sí lára wá, tí ó wí pé yóò yọ́ kókó náà láìsí iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ náà a dùn mọ́ obìnrin bẹ́ẹ̀ létí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ń gbé Onírèké ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò náà wà ní ìtòsí Dùgbẹ̀ àti Jẹ́ríkò. Bí obìnrin bẹ́ẹ̀ bá jáde nílé, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan lọ sí ọjà Dùgbẹ̀, níbi tí a ti ń tajà gbogbo. Èkejì lọ sí òkè Jẹ́ríkò, níbi tí àwọn amòye ti ń kọ́ nípa igi àti ewé. Ẹ̀kẹta gba Mọ́kọ́lá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí a ń pè ní UCH. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀nà ìtìjú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá kọ́kọ́ tọ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi hàn nìyí.

I. OHUN TÍ KÓKÓ NÁÀ JẸ́

Ilé-ọmọ jẹ́ àpò tí a fi iṣan líle ṣe. Nígbà mìíràn, apá kan nínú iṣan yìí a máa dàgbà ju bí ó ti yẹ lọ, a sì di kókó. Òmíràn kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Òmíràn a tó ọsàn. Òmíràn a sì tóbi títí ikùn obìnrin náà yóò fi dà bí ti aboyún. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ púpọ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi kí a tó rí jẹjẹrẹ nínú irú rẹ̀. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èpè tàbí ìwà búburú ni ó ń fà á. Àwọn èròjà tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń pèsè ní àwọn ọdún ìbímọ ni ó ń bọ́ ọ.

Àrùn yìí wọ́pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003 fi hàn pé, nígbà tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú bá fi máa pé ẹni 50 ọdún, ó ju 80 lọ nínú 100 wọn tí yóò ti ní in. Níti àwọn aláwọ̀ funfun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 nínú 100. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí kò dà wọ́n láàmú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máà nílò egbògi kankan rárá.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró pátápátá nítorí ọjọ́ orí, kókó náà a máa súnkì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ pẹ̀lú, òmíràn a máa dín kù. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà náà kì í rí bákan náà ní oṣooṣù: oṣù kan a pọ̀, èkejì a dín. Nítorí náà, ara lè fúyẹ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé egbògi kan ni ó ṣe é.

II. IBI TÍ EWU WÀ

Kì í ṣe títóbi kókó náà ni ó máa ń pa ènìyàn lára jùlọ, bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ń sọnù. Kókó tí ó wà ní ìhà inú ilé-ọmọ, bí ó tilẹ̀ kéré, lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀ kọjá ààlà kí ó sì pẹ́ kí ó tó dúró. Ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ń sọ ara di aláìlókun. Obìnrin náà kò ní lè gbé ẹrù tí ó ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì. Bí ó bá gun òkè díẹ̀, èémí rẹ̀ yóò kúrú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò funfun. Ní ìwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí kò lóyún kò yẹ kí ó dín sí gíráàmù 12 nínú desilítà kan. Bí ó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ 8, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ti le, ó sì lè ba ọkàn jẹ́.

Àwọn tí ń ka Ìhìn Rere mọ ìtàn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń sun lára rẹ̀ fún ọdún 12, tí ó ti ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn láìrí ìwòsàn. Irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láyé. Obìnrin tí ó ń mu tíì fún oṣù mẹ́fà, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà síbẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni ó ń pàdánù. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ tí ń sọnù ni ẹ̀tẹ̀.

III. EGBÒGI TÍ ÀWỌN ARÁ ṢÁÍNÀ Ń LÒ

Kò yẹ kí a fi egbògi ilẹ̀ Ṣáínà ṣẹ̀sín. Ìmọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ìgbà pípẹ́. Èyí tí a mọ̀ jùlọ fún kókó inú ilé-ọmọ ni Guizhi Fuling Wan. Ó wà nínú ìwé Zhang Zhongjing, oníṣègùn kan tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Ohun márùn-ún ni a fi ń ṣe é. Èkínní ni ẹ̀ka igi kínnámónì, igi olóòórùn dídùn tí Bíbélì dárúkọ. Èkejì ni irú olú kan tí ń hù lára gbòǹgbò igi páìnì. Ẹ̀kẹta ni èèpo gbòǹgbò òdòdó píónì kan. Ẹ̀kẹrin ni gbòǹgbò irú píónì mìíràn. Ẹ̀karùn-ún ni kóró inú èso písì. Ní àtijọ́, wọ́n a máa lọ̀ ọ́, wọ́n a sì fi oyin pò ó di hóró. Lóde òní, a ń ṣe é ní ilé iṣẹ́, a sì ń rọ ọ́ sínú hóró tí a ń gbé mì.

Ìrònú wọn ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa tí ó dúró sí ojú kan ni ó ń di kókó. Nítorí náà, ohun tí yóò mú ẹ̀jẹ̀ rìn ni wọ́n ń fi wò ó. Láti inú èrò yìí gan-an ni ọlọ́gbọ́n ènìyàn ti lè rí ìdí tí aboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ púpọ̀ kò fi gbọ́dọ̀ lò ó láìsí ìmọ̀ràn. Egbògi tí a ṣe láti mú ẹ̀jẹ̀ rìn kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

IV. BÍ A TI Ń DÁN EGBÒGI WÒ

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bí egbògi kan ń ṣiṣẹ́? Àgbẹ̀ mọ ìdáhùn náà. Bí ẹnì kan bá mú ajílẹ̀ tuntun wá, tí ó wí pé yóò sọ àgbàdo di púpọ̀, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í dà á sí gbogbo oko rẹ̀ kí ó wá máa yin ajílẹ̀ náà nígbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ni tàbí òjò? Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò pín ilẹ̀ kan náà sí méjì. Yóò gbin irú àgbàdo kan náà ní ọjọ́ kan náà. Yóò dà ajílẹ̀ sí apá kan, yóò sì fi apá kejì sílẹ̀. Nígbà ìkórè, yóò wọn àgbàdo ìhà méjèèjì. Irú ìdánwò yìí ni a ń ṣe ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, oko tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1899.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ń ṣe sí egbògi. A ó pín àwọn obìnrin tí ó ní kókó náà sí ọ̀nà méjì, bí ẹni pé a ṣẹ́ kèké. Apá kan yóò lo egbògi náà. Apá kejì yóò lo òmíràn tàbí èyí tí kò ní agbára kankan nínú. A ó fi ẹ̀rọ skáànù wọn kókó náà ṣáájú àti lẹ́yìn, a ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ẹnì kan tí ó wí pé, “Mo lò ó, ara mi sì yá,” dà bí ẹ̀rí àgbẹ̀ tí ó yin ajílẹ̀ ní ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó ṣe é.

V. OHUN TÍ ÌDÁNWÒ FI HÀN

Ní ọdún 2013, àwọn amòye ẹgbẹ́ Cochrane kó gbogbo ìdánwò tí wọ́n lè rí lórí egbògi eléwé fún kókó inú ilé-ọmọ jọ. Wọ́n rí 21, àwọn obìnrin tí ó wà nínú wọn sì jẹ́ 2,222. Díẹ̀ nínú ìdánwò náà fi hàn pé, nígbà tí a da Guizhi Fuling pọ̀ mọ́ egbògi dókítà kan tí ń jẹ́ mifepristone, kókó náà súnkì ju ti àwọn tí ó lo mifepristone nìkan lọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò náà kéré, a kò sì ṣe wọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra tí ó tó. Nítorí náà, ìdájọ́ tí àwọn amòye náà dá ni pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tó láti fi yìn ín, kò sì tó láti fi kọ̀ ọ́.

Kí olùkàwé ṣàkíyèsí ìdájọ́ yìí dáadáa. Ẹni tí ó wí pé a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé egbògi Ṣáínà ń yọ́ fáíbírọ́ìdì sọ ju ohun tí a mọ̀ lọ. Ẹni tí ó sì wí pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ pẹ̀lú sọ ju ohun tí a mọ̀ lọ.

Nínú àwọn ìdánwò kan náà ni a ti rí ìtàkùn kan tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní lei gong teng, èyíinì ni ìtàkùn ọlọ́run ààrá. Ó mú kí kókó súnkì. Ṣùgbọ́n ìtàkùn yìí lè dá nǹkan oṣù dúró, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ohun tí ó lágbára láti ṣe rere lágbára láti ṣe ibi pẹ̀lú.

Níti tíì, ìdánwò kékeré kan wáyé ní Íjíbítì, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2013. Obìnrin 33 ni ó parí rẹ̀. Àwọn tí ó gba ojúlówó egbògi náà lo mílígíráàmù 800 oje tíì tútù lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin, kókó wọn sì dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n obìnrin 33 kò pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ife tíì lásán ni wọ́n mu, bí kò ṣe oje tí a fún jáde tí a sì wọ̀n. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ pé èròjà kan tí ó wà nínú irú oje bẹ́ẹ̀, bí èròjà náà bá tó mílígíráàmù 800 lóòjọ́, lè ṣe ẹ̀dọ̀ níbi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé egbògi eléwé nìkan ni a ń fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n. Egbògi òyìnbó kan wà fún kókó yìí tí ń jẹ́ ulipristal, ìdánwò sì ti fi hàn pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Síbẹ̀, ní ọdún 2020 ni àwọn aláṣẹ Yúróòpù dá lílò rẹ̀ dúró nítorí pé ẹ̀dọ̀ àwọn obìnrin kan bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ààlà sí ẹni tí ó lè lò ó. Òṣùwọ̀n kan ni ó yẹ gbogbo egbògi, ibi yòówù tí ó ti wá.

VI. ORÚKỌ JỌ ORÚKỌ

Ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, a fún àwọn obìnrin kan ní egbògi tí a da ewé àti gbòǹgbò Ṣáínà pọ̀ mọ́, kí wọ́n lè fọn. Gbòǹgbò kan tí ń jẹ́ fangji yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní ọjà Ṣáínà: ọ̀kan kò ní oró yìí, èkejì sì ní i. Èyí tí ó ní oró ni a fi sínú egbògi náà. Ó ju 100 obìnrin lọ tí kíndìnrín wọn bàjẹ́, àwọn kan sì ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1993 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ kọ ìwé jáde nípa rẹ̀. Àwọn obìnrin náà kò ṣe àìgbọràn. Ẹni tí ó fún wọn ní egbògi kò sì mọ̀ pé májèlé ni. Orúkọ ni ó tàn wọ́n jẹ.

Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Gbogbo ẹni tí ó ti já ewé rí mọ̀ pé orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì, àti pé ohun tí a ń pè ní báyìí ní Ìjẹ̀bú lè ní orúkọ mìíràn ní Ọ̀yọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀nà kejì, èyí tí ó lọ sí òkè Jẹ́ríkò, fi wúlò. Níbẹ̀ ni Ilé Ìwádìí Ìmọ̀ Igbó ti Nàìjíríà wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1954. A kó ewé, òdòdó àti èso gbígbẹ jọ síbẹ̀, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, a sì kọ orúkọ wọn sí i, kí a lè fi ewé tuntun wé ti àtijọ́, kí a sì mọ irú èyí tí í ṣe. Obìnrin tí a gbé egbògi wá bá lè máà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn amòye ibẹ̀ ń béèrè ni kí òun náà béèrè: Kí ni èyí gan-an?

Kí ó wo ara páálí náà bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀. Láti ọdún 1993 ni a ti dá àjọ náà sílẹ̀ láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti egbògi. Ṣùgbọ́n kí ó kà á dé ìsàlẹ̀: lára egbògi eléwé tí a kàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a óò rí i pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùtà ń sọ wò. Nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo àrùn sàn.

VII. EWÉ TÍ A DÁN WÒ, TÍ Ó SÌ DÁRA

Kí àárẹ̀ má ṣe mú ọkàn ẹni tí ó fẹ́ràn ewé. Ní ọdún 1967, ìjọba Ṣáínà kó àwọn amòye jọ láti wá egbògi ibà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Tu Youyou dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Nínú ìwé àtijọ́ kan ni ó ti rí i pé omi tútù ni a fi ń fún oje ewé kan tí a ń lò fún ibà. Ó wá mọ̀ pé gbígbóná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó fún oje náà láìfi iná líle sí i, ó sì ṣiṣẹ́. A dán an wò lára ẹranko, lẹ́yìn náà lára ènìyàn. Ní ọdún 2015 ni a fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Láti inú iṣẹ́ yìí ni egbògi ibà tí ó gba ipò kìíní ní Nàìjíríà láti ọdún 2005 ti jáde.

Ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, ìdílé Ogunyale ní egbògi kan fún àwọn tí eegun ń ro nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ilé ìwádìí egbògi ìjọba tí ó wà ní Àbújá bá wọn ṣe àdéhùn, wọ́n sì dán an wò lára àwọn aláìsàn. Ìrora wọn dín kù. Ìtìjú kò sí nínú kí a dán ewé baba ẹni wò. Ewé tí ó dára kò bẹ̀rù òṣùwọ̀n.

VIII. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ọ̀nà kẹta, èyí tí ó gba Mọ́kọ́lá kọjá, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ̀. UCH, tí a ṣí ní ọdún 1957, wà níbẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé ṣe láti dé ibẹ̀, kí a lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ilé.

1. Kí a ya àwòrán inú, kí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìrora ikùn àti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè ti inú àrùn mìíràn wá. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tí ó tún wá rí ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ pè é ní fáíbírọ́ìdì. Kí ó tètè lọ.

2. Bí aṣọ ìnura oṣù bá ń kún láàrin wákàtí kan, tí ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ obìnrin náà tí ó sì fẹ́ dákú, kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe dúró de ọjà tàbí ìsìn.

3. Kí a béèrè gbogbo ọ̀nà ìtọ́jú. Ẹlòmíràn kò nílò ju kí a máa ṣọ́ ọ lọ. Egbògi wà tí ń dín ẹ̀jẹ̀ kù. Iṣẹ́ abẹ wà tí ń yọ kókó náà tí ó sì ń fi ilé-ọmọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ti bímọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kókó mìíràn lè tún hù. Yíyọ ilé-ọmọ wà fún ẹni tí ó ti bímọ tán tí ó sì fẹ́ ẹ.

4. Ẹni tí ó bá ń lo egbògi eléwé, ti Ṣáínà tàbí ti ilé, kí ó sọ ọ́ fún dókítà, pàápàá kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ. Kí ó mú páálí náà lọ́wọ́. Bí ojú tàbí ìtọ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ó dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn.

5. Kí ọkọ bá aya rẹ̀ lọ. Ìdajì ìbẹ̀rù rẹ̀ ni ohun tí àwọn ará ilé yóò wí. Bí a bá nílò ẹ̀jẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, ẹbí ni a ó kọ́kọ́ bi.

IX. NÍTI OÚNJẸ ÀTI ỌGBÀ

Oúnjẹ kì í yọ́ kókó, ṣùgbọ́n ó ń dá ẹ̀jẹ̀ tí ó sọnù padà. Ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni kí obìnrin bẹ́ẹ̀ máa jẹ. Kí ó jẹ ọsàn lẹ́yìn ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, nítorí ọsàn a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú wọn. Kí ó má ṣe mu tíì mọ́ oúnjẹ, nítorí tíì ń dí èròjà náà lọ́wọ́. Kí ó mu ún ní wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a gbìn sí ẹ̀yìnkùlé nígbà òjò yóò tó já ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí obìnrin náà kò bá lágbára láti tu ilẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé tu ún fún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ó fi léwu jù nínú kókó inú ilé-ọmọ: títóbi rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ń sọnù?
2. Èéṣe tí ẹ̀rí ẹnì kan kò fi tó láti mọ̀ bóyá egbògi kan ń ṣiṣẹ́? Fi oko àgbàdo ṣàlàyé rẹ̀.
3. Kí ni ìdájọ́ àwọn amòye ní ọdún 2013 lórí egbògi eléwé fún kókó yìí?
4. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Brussels, kí sì ni ó kọ́ ẹni tí ń ra egbògi?
5. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí ó wà níwájú ẹni tí ń gbé Onírèké, èwo ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tọ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?
6. Ǹjẹ́ obìnrin kan wà nínú agboolé rẹ tí èémí rẹ̀ ń kúrú tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ń funfun? Ta ni yóò bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yìí?